Ọjọ́rú: Mọ́ínmọ́ín Tí Ó Ń Pín Sí Méjì

Ilẹ̀ ti ṣú pátápátá kí n tó ráyè jókòó kọ ti òní. Ìwé àròkọ àwọn ọmọ kíláàsì mi méjìléláàádọ́ta wà lórí tábìlì níwájú mi, ṣùgbọ́n ẹyọ kan péré ni mo tíì ṣí, ti ọmọkùnrin kan tí n kò ní dárúkọ. Oríkì rẹ̀, Àkànní, ni n óò fi máa pè é níhìn-ín, nítorí kò sí àdúgbò kan ní Ìbàdàn tí a kò ti ní rí Àkànní mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Láti ọjọ́ tí a ti wọlé fún sáà yìí ni Àkànní ti ń gbórí lé tábìlì. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé kì í fọkàn sí ẹ̀kọ́, mo sì gba ibẹ̀ kọjá. Ní ọjọ́ Ajé, òórùn burúkú gba kíláàsì, àwọn ọmọ dimú, a sì rí i pé inú báàgì rẹ̀ ni ó ti ń wá: ààbọ̀ mọ́ínmọ́ín nínú ewé, èyí tí ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ Ẹtì, tí ó sì ti kan. Mo ní kí ó lọ dúró, kí ó kọjú sí ògiri títí a ó fi lu aago ìsinmi. Kò sunkún, kò sì sọ̀rọ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti fún un ní orúkọ tuntun kan tí n kò fẹ́ kọ.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì sọ di tirẹ̀ ní 2006, sọ pé a kò gbọdọ̀ ṣe ọmọ léṣe nínú ara, nínú ọpọlọ tàbí nínú ọkàn. Mo ti ka ibẹ̀ rí. Ohun tí mo rò nígbà náà ni pé àwọn olùkọ́ tí wọ́n ń na ọmọ ni ó ń bá wí, nítorí pé èmi kì í mú ẹgba dání.

Lónìí, nígbà tí àwọn yòókù jáde lọ ṣeré, mo jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì wọn kékeré, tí orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n mi, mo sì bá a sọ Yorùbá. Òfin ilé-ẹ̀kọ́ wa kò gba èyí láàyè. Ó wà lára ògiri gàdàgbà, lókè orí wa méjèèjì. Mo bi í pé ta ni ó ń tọ́jú oúnjẹ fún.

"Ìyá àgbà ni, Àǹtí. Wọ́n ní wọ́n rìnrìn àjò. Ebi á ti máa pa wọ́n tí wọ́n bá dé."

Mo bi í bóyá ìyá àgbà ni ó máa ń wẹ̀ fún un láràárọ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, pé àwọn ni wọ́n ń pe òun ní Àkànní, pé láti ìgbà tí wọ́n ti lọ, kò sí ẹni tí ó ń kì òun mọ́.

Mo ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, ẹni tí ó ń ta ata ní Bódìjà. Ó ti ọjà wá lẹ́yìn tí a jáde, pẹ̀lú owó ọjà tí ó ṣì so mọ́ ìdí aṣọ. Ó ní ìyá ọkọ òun kú nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ wà ní ìsinmi, wọ́n sì sin ín sí Ọ̀yọ́.

"Àǹtí, ẹ má bínú, kí la fẹ́ sọ fún un? Ọmọ ọdún méje! A ní màmá rìnrìn àjò ni, pé tó bá yá á gbàgbé."

N kò lè dá a lẹ́bi. Èdè wa kì í fẹ́ dárúkọ ikú àgbà ní gbangba. Ọba kì í kú, ó wàjà ni. Àgbàlagbà a máa tẹ́rí gbaṣọ, a máa papòdà, a máa re ìwàlẹ̀ àsà. Ọ̀rọ̀ iyì ni gbogbo wọn fún ẹni tí ó ti mọ ohun tí ó wà lábẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ìrìn àjò tí ọmọ ọdún méje mọ̀ ni èyí tí a ń wọ mọ́tò fún ní Íwó Róòdù, tí a sì ń tibẹ̀ padà wálé. Mo ti kọ́ ọmọbìnrin kan rí tí wọ́n sọ fún pé bàbá rẹ̀ sùn. Láti ìgbà náà ni ó ti ń bẹ̀rù àtisùn. Nígbà tí a bá ń sin àgbà, a máa ń sọ fún un pé ohun tí wọ́n bá ń jẹ lọ́hùn-ún ni kí ó bá wọn jẹ. Àwọn tí ó lọ sí Ọ̀yọ́ gbọ́ ìyẹn, wọ́n sunkún, wọ́n sì jó. Àkànní kò sí níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ alábàágbé ni wọ́n fi í sí ní Ìbàdàn, ó sì ń pín mọ́ínmọ́ín sí méjì.

Mo tún ń ro ọ̀rọ̀ òfin ara ògiri yẹn. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní Ilé-Ifẹ̀ fún odidi ọdún mẹ́fà, wọ́n sì rí i pé ìmọ̀ wọn kò kéré sí ti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí irú ètò bẹ́ẹ̀ ní 2022, wọ́n sì fagi lé e ní 2025. Lórí bí àwọn ọmọ ṣe ń ṣe sí nínú ẹ̀kọ́ àti ìdánwò ni ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn náà dá lé. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè èdè tí ọmọ yóò fi sọ pé inú òun bàjẹ́. Nínú kíláàsì mi, Àkànní kò ní èdè kankan tí ó lè fi sọ ọ́ láìjẹ̀yà.

A kò ní olùgbaninímọ̀ràn ní ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ilé-ẹ̀kọ́ girama ni irú wọn sábà máa ń wà. Èmi àti ìyá rẹ̀ nìkan ni a jọ fi orí ko orí lẹ́nu ọ̀nà. A fẹnu kò pé òun àti ọkọ rẹ̀ yóò sọ fún un lálẹ́ yìí, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà gan-an, pé ìyá àgbà kú, wọn kò sì ní padà wá. Ó bi mí léèmejì pé, "Kí n pè é ní kú?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó máa kì í láràárọ̀, bí kò tilẹ̀ mọ gbogbo rẹ̀ tán. Lọ́la, èmi náà ní ọ̀rọ̀ láti bá kíláàsì sọ nípa orúkọ tuntun yẹn àti nípa ìyà ọjọ́ Ajé.

Ìwé rẹ̀ ni ó ṣí sílẹ̀ níwájú mi yìí. Àròkọ lórí ẹbí ni, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìlà márùn-ún péré. Ní ìlà kẹrin ni ó ti kọ ọ́ pé ìyá àgbà òun wà lírìn àjò, ọ̀rọ̀-ìṣe inú rẹ̀ kò sì bá òfin gírámà mu. Bóyá wákàtí yìí gan-an ni wọ́n ń sọ fún un. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti mú bírò pupa. N kò tíì fa ìlà kankan sí i.