Ẹ má dúró de ìrora: ohun tí àtọ̀gbẹ kọ́ mi nípa àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín

Bí wọ́n bá sọ fún yín pé ẹ ní àtọ̀gbẹ, irú tó sábà máa ń mú àgbàlagbà, ẹ ní kí wọ́n yẹ inú ẹyinjú yín wò kíá, kódà bí ẹ bá ń ríran kedere. Èmi ń ríran kedere. Mo ń ka Bíbélì láìlo awò, mo ń wa mọ́tò lóru. Nígbà tí dókítà kán oògùn sí mi lójú tó sì tan iná wo ẹ̀yìn ẹyinjú mi, ó rí i pé àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ ti wú ní kókó kókó, òmíràn sì ti ń jo. Kò dùn mí rí, kò sì yún mi.

Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó kéré jù lọ nínú ara tín-ín-rín débi pé ńṣe ni sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ń tò kọjá níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ọmọ iléèwé tó ń wọ kíláàsì. Ibẹ̀ ni ọ́síjìn àti oúnjẹ ti ń kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ bọ́ sínú ẹran ara. Bí ṣúgà bá pọ̀ lẹ́jẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ara iṣan wọ̀nyí á bàjẹ́: àwọn kan á máa jo, àwọn kan á dí pa. Ojú, kíndìnrín àti iṣan ìmọ̀lára ẹsẹ̀ ló sábà máa ń jìyà rẹ̀.

Nínú ojú, bí àwọn tó dí bá pọ̀, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í hu tuntun. Àwọn tuntun yìí kò lágbára rárá. Wọ́n lè bẹ́, kí ẹ̀jẹ̀ dà sínú ẹyinjú, kí èèyàn máa rí nǹkan dúdú kéékèèké tó ń fò kiri níwájú rẹ̀, tàbí kí ojú ṣú lójijì. Lésà, ìyẹn ìtànṣán iná tó lágbára, ni wọ́n fi tọ́jú tèmi. Ẹlòmíràn, abẹ́rẹ́ inú ẹyinjú ni, wọ́n á sì kọ́kọ́ kán oògùn tó ń pa ìrora. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: lésà kì í sábà dá ojú tó ti lọ padà. Èyí tó kù ló ń dáàbò bò. Ìdí nìyẹn tí ọkàn mi fi ń bàjẹ́ tí mo bá rí àwọn ìyá tó ń ra awò lọ́jà, tí wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀, tí kò sì sẹ́ni tó yẹ ẹ̀yìn ojú wọn wò. Lọ́dọọdún ló yẹ kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ mú ẹnì kan dání, torí oògùn tí wọ́n ń kán sójú kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò máa ń jẹ́ kí ojú ṣú fún wákàtí mélòó kan.

Ìwádìí ńlá kan wà tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, UKPDS, tí èsì rẹ̀ jáde ní 1998. Àwọn tó kó ṣúgà wọn níjàánu dáadáa, ìbàjẹ́ iṣan kéékèèké fi ìdá 25 nínú 100 dín kù lára wọn. Nínú àwọn tó tún ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìbàjẹ́ iṣan yìí fi ìdá 37 nínú 100 dín kù lára àwọn tó mú ẹ̀jẹ̀ ríru náà wálẹ̀ dáadáa. Èyí wọ̀ mí lọ́kàn gan-an. Ọ̀pọ̀ wa ń sá fún iyán, a sì ń gbàgbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sínú dúrọ́ọ̀.

Ẹ béèrè fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní HbA1c. Ó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti nǹkan bí oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn, kì í ṣe ti àárọ̀ ọjọ́ kan tí èèyàn ti ṣọ́ ẹnu. Kó má tó 7% ni wọ́n ń fẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, àmọ́ dókítà lè fàyè gba jù bẹ́ẹ̀ fún àgbàlagbà. Ẹni tó bá jẹ́ SS tàbí SC, kó sọ ọ́, torí àyẹ̀wò yìí lè ṣìnà lára rẹ̀.

Ẹ tún jẹ́ kí wọ́n yẹ albumin, ìyẹn èròjà purotéènì kan tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, wò nínú ìtọ̀ yín lọ́dọọdún. Ó máa ń jáde síbẹ̀ kó tó di pé ìtọ̀ ń hó tàbí kí ẹsẹ̀ wú. Wọ́n bá tèmi níbẹ̀, wọ́n sì fún mi ní lisinopril, tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, tó sì ń gba kíndìnrín sílẹ̀ (aláboyún kò gbọdọ̀ lò ó). Dókítà ní kí n jáwọ́ nínú diclofenac àti ibuprofen tí mo ń rà ní kẹ́míìsì fún orúnkún, àti nínú àgbo tí mi ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ní ti ẹsẹ̀, nọ́ọ̀sì fi okùn ọ̀rá tín-ín-rín kan àtẹ́lẹsẹ̀ mi, ó ní kí n sọ ibi tí mo ti mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú lè ki í bọ omi gbígbóná kó sì bó láìmọ̀. Ìgúnpá ni kí ẹ fi dán omi wò. Ẹ má rìn láìwọ bàtà, inú ilé pẹ̀lú. Ìyàwó mi ló ń bá mi wo àtẹ́lẹsẹ̀ àti àárín ọmọ ìka lálaalẹ́. Ẹni tó ń dá gbé lè gbé dígí sílẹ̀, kó gbé ẹsẹ̀ sókè lórí rẹ̀. Bí ẹ bá rí egbò, bó ti wù kó kéré tó, ọjọ́ náà ni kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.