Ẹ Béèrè Ìlú Ìyá Ọkọ Yín Kí Ẹ Tó Gbé Muguk Kaná

Ẹ̀yin tí a jọ fẹ́ ọmọ Kòríà, ẹ jẹ́ kí n sọ eléyìí nígbà tó ṣì ń ta mí lára.

Soegogi-muguk, ìyẹn ọbẹ̀ ẹran màlúù àti mu (radíìṣì funfun ńlá ti Kòríà), ò ṣòro sè, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà yín. Ẹ wá igẹ̀ màlúù, yangji, bíi 300 gíráàmù, ẹ gé e wẹ́wẹ́, kí ẹ fi òróró yànmọ̀tí ṣíbí kan àti aáyù yan án nínú ìkòkò títí pupa ara rẹ̀ á fi lọ. Ẹ da mu tí ẹ ti gé pẹlẹbẹ sí i, ẹ rò ó pọ̀, kí ẹ wá bu omi bíi lítà kan ààbọ̀ lé e. Tó bá hó, ìfófòó aláwọ̀ eérú á gòkè. Ẹ fi ṣíbí kó o dànù. Gukganjang, omi sóyà tí wọ́n ń fi sí ọbẹ̀ olómi, ni kí ẹ fi sí i, kì í ṣe ganjang (omi sóyà) dúdú tí a fi ń se bulgogi, ẹran yíyan wọn, torí ìyẹn á ba àwọ̀ omi ọbẹ̀ jẹ́. Iyọ̀ díẹ̀, àlùbọ́sà eléwé. Tí mu bá ti rọ̀, ó ti jinná.

Bí mo ṣe sè é gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Màmá ọkọ mi wọ ọkọ̀ ojú irin láti Daegu wá kí wa. Mo gbé ọbẹ̀ náà síwájú wọn pẹ̀lú ìrẹsì àti kimchi. Omi rẹ̀ mọ́ débi pé mo ń rí ìdí abọ́, inú mi sì ń dùn. Wọ́n mú ṣíbí, wọ́n rò ó lẹ́ẹ̀kan, ẹran yí, mu yí, wọ́n rọra gbé ṣíbí náà kalẹ̀. Wọn ò bínú o. Ì bá sàn kí wọ́n bínú. Wọ́n kàn kọjú sí ọmọ wọn, wọ́n fi ohùn jẹ́jẹ́ bi í pé, "Ta là ń ṣe jesa fún lónìí?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dé ibi jesa, ètò ìrántí àwọn òkú ìdílé, rí, ó ti yé yín. Tangguk, ọbẹ̀ tí wọ́n ń gbé síwájú àwọn òkú náà, kì í ní ata. Ní apá Gyeongsang, níbi tí Daegu wà, muguk tí alààyè ń jẹ nílé máa ń pupa fòò ni, gochugaru, ata gígún ti Kòríà, á léfòó lójú rẹ̀. Èyí tó mọ́ gaara, ọjọ́ jesa ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́.

Ojú tì mí, mi ò mọ ibi tí mo lè gbé ọwọ́ mi sí. Èmi ọmọ Ìbàdàn! Èmi tí ọwọ́ ń yún láti da ata sí i, tí mo kó ara mi níjàánu torí gbogbo ẹni tó kọ́ mi ní ọbẹ̀ yìí ní kò gbọdọ̀ ní ata. Ará Seoul ni gbogbo wọn. Ẹ má sì sọ pé ó yẹ kí n bi ọkọ mi. Mo bi í. Ó ní Màmá fẹ́ràn muguk gan-an. Muguk wo? Kò sọ.

Ẹ̀mí tí kò jata, ẹ̀mí yẹpẹrẹ: àwa la ni ọ̀rọ̀ yẹn, ìyá Kòríà ló wá ń rán mi létí rẹ̀ lórí tábìlì mi.

Nítorí náà, ìlú ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Ẹ má béèrè bóyá wọ́n ń jẹ ẹran, ẹ má béèrè bóyá wọ́n ń jẹ iyọ̀ púpọ̀. Ìlú.

Lọ́jọ́ kejì mo se ti pupa. Mo yan gochugaru pọ̀ mọ́ ẹran lórí iná kékeré, torí ata yẹn tètè ń jóná. Mo fi ọ̀bẹ gbẹ́ mu bí ẹni ń gbẹ́ pẹ́ńsù. Mo kó kongnamul (ẹ̀wà sóyà tó ti hù) àti àlùbọ́sà eléwé púpọ̀ sí i. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n tún bù sí i.

Nípa kongnamul: tí ẹ bá dé ìkòkò, ẹ má ṣí i títí á fi jinná, tí ẹ bá ṣí i sílẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó má bàa rùn. Mu ìgbà òtútù sì dùn ju ti ìgbà ooru lọ, àmọ́ bó ti wù kí mu dùn tó, kò ní gbà yín lọ́wọ́ ará Daegu.

Ẹ̀yin tí ìyá ọkọ yín jẹ́ ará Seoul, ẹ jẹ́ kí tiyín mọ́ gaara bẹ́ẹ̀. Ẹ má lọ da ata sí i kí ẹ wá ní èmi ni mo rán yín.