Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa ìwádìí ìṣirò: ẹ má dúró de ọdún ìkẹyìn

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń ka ìṣirò ní UNILAG tàbí níbòmíràn l'Ékòó, bí ẹ bá dúró títí wọn yóò fi pín àkọlé pírọ́jẹ́ẹ̀tì, ìdánwò àti ìdásẹ́sílẹ̀ á ti jẹ àkókò yín tán. Ọdún kejì ti tó, bí ẹ bá lè kọ ẹ̀rí onílà mẹ́wàá tí kò jò.

Ẹ má kan ilẹ̀kùn olùkọ́ kí ẹ ní, "Ẹ káàsán sà, mo fẹ́ ṣe ìwádìí." Kí ló fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Ẹ mú ìbéèrè kékeré kan dání, àti ojú ewé kan tí ẹ ti ṣiṣẹ́ sí.

Ẹ wo eré ẹnì kan ṣoṣo kan tó jọ ayò. Ẹ to ihò sí ìlà kan, kí ilé wà ní ìpẹ̀kun, kí ihò 1 sì sún mọ́ ilé jù. Ihò 3, àfi tí ọmọ 3 gẹ́lẹ́ bá wà nínú rẹ̀ lẹ fi lè kó o; ẹ ó pín in lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan sápá ilé, kí èyí tó kẹ́yìn bọ́ sílé. Ihò 4, ọmọ 4. Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ. Ẹni tó kó gbogbo ọmọ wọlé ló borí. Ó kéré tán, ọmọ mélòó la nílò kí ìtò ọmọ tó ń borí tó dé ihò 10? Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 10, ẹ gòkè dé nọ́mbà àkọ́kọ́ tí 9 lè pín láìṣẹ́kù, ìyẹn 18. Lẹ́yìn náà 8: 24. 7: 28. 6: 30. 5: 30. 4: 32. 3: 33. 2: 34. Ìdáhùn ni 34. Ihò 12 gba 48, iye ọmọ tó wà nínú ọpọ́n ayò wa gan-an! Ẹ wá fi 34 pín 100 (10 lọ́nà 10), kí ẹ fi 48 pín 144 (12 lọ́nà 12): 2.94, lẹ́yìn náà 3. Bí ihò ṣe ń pọ̀ sí i, èsì náà ń sún mọ́ pai, 3.14159.

Ẹ̀rí èyí ti wà tipẹ́. Ẹ tẹ 1, 2, 4, 6, 10, 12, 18, 22 sínú OEIS, àkójọ àwọn ìtò nọ́mbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, A002491, ìyẹn nọ́mbà ìdánimọ̀ ìtò yìí níbẹ̀, á jáde. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó pariwo pé ẹ rí nǹkan. Ìwádìí yín bẹ̀rẹ̀ níbi tí ẹ bá ti yí òfin kan padà: ká ní ilé méjì ló wà ńkọ́? Ká ní ẹ ń fo ihò kan ńkọ́? Kọ́ọ̀dù Python onílà ogún á ka àpẹẹrẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún fún yín, àní lórí fóònù.

Àpẹẹrẹ kì í ṣe ẹ̀rí o. Ẹ mú n²+n+41: láti 0 dé 39, nọ́mbà tí 1 àti ara rẹ̀ nìkan lè pín ló ń jáde. Ní 40, ó di 1681, tó jẹ́ 41 lọ́nà 41. Ibi tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wó nìyẹn, torí wọ́n dá kọ̀ǹpútà dúró kí ó tó dé 40.

Tí ẹ bá fẹ́ ka iṣẹ́ ẹlòmíràn, arXiv, ibi tí àwọn olùwádìí ń kó iṣẹ́ wọn sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò gba kọ́bọ̀. Ẹ ka gbólóhùn pàtàkì rẹ̀, ẹ fi nọ́mbà kékeré dán an wò, kí ẹ tó dojú kọ ẹ̀rí. Ojú ewé kan lè gba odindi ọjọ́ kan. LaTeX náà, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tẹ ìwé ìṣirò, ẹ kọ́ ọ lórí ìkànnì Overleaf.

Ẹ lọ bá olùkọ́ nígbà tí kò bá sí ìwé ìdánwò tí wọ́n ń máàkì. Tó bá ní kí ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ mú ohun tuntun kan lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ àpẹẹrẹ kan ṣoṣo tó kọ̀ tí kò bá òfin yín mu. Ìwé ìròyìn ìmọ̀ tó bá sì ń tọrọ owó, tó ń ṣèlérí pé àwọn á gba iṣẹ́ yín láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ẹ wá orúkọ rẹ̀ lórí zbMATH, àkójọ àwọn iṣẹ́ ìṣirò tí wọ́n ti tẹ̀ jáde. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ fi iṣẹ́ yín han olùkọ́ ná, kí ẹ má san kọ́bọ̀.