Àgbá ló pa wọ́n jù: ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ìtàn ogun

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ History, tẹ́ ẹ bá dé orí Ogun Àgbáyé Kìíní, machine gun, táńkì àti gáàsì lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́. Àgbá ńlá (artillery) ló pa èèyàn jù lójú ogun ilẹ̀ Faransé o, ẹ di ìyẹn mú dáadáa. Kẹ́ ẹ sì máa bi ara yín pé kí ló ń bọ́ ohun ìjà yìí, kí ló bá a ṣiṣẹ́ pọ̀.

Ẹ wo ogun Somme nílẹ̀ Faransé. Odindi ọ̀sẹ̀ kan làwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń yin àgbá lu yàrà àwọn Jámánì, ọta bíi 1,500,000, wọ́n rò pé kò ní sẹ́ni tó máa ṣẹ́ kù níbẹ̀, àfi ìgbà tó di July 1, 1916 táwọn ṣọ́jà Gẹ̀ẹ́sì jáde, wáyà ẹlẹ́gùn-ún ṣì wà níbi tó pọ̀, àwọn Jámánì sì ti jáde látinú ihò jíjìn tí wọ́n gbẹ́ sábẹ́ ilẹ̀, wọ́n ti gbé machine gun kalẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì 19,240 ló kú lọ́jọ́ yẹn nìkan, ọ̀rọ̀ yẹn ṣì máa ń dùn mí. Ọ̀pọ̀ nínú ọta yẹn, shrapnel ni, ìyẹn ọta tó ń bú lójú òfuurufú tó sì ń da irin wẹ́wẹ́ sílẹ̀, ó lè pa ẹni tó wà ní gbangba àmọ́ kò lè wọnú ihò lọ bá èèyàn, ọ̀pọ̀ míì ò tiẹ̀ bú rárá torí ìkánjú ni wọ́n fi ṣe é ní ilé iṣẹ́.

Táńkì jáde ní September ọdún yẹn, ọ̀pọ̀ ló bà jẹ́ sójú ọ̀nà.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti William Lawrence Bragg, onímọ̀ físíìsì ọmọ ọdún 25 tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1915. Òun àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ máa ń to microphone síbi tó jìnnà síra, wọ́n á ṣírò bí ìró àgbá ṣe dé ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì mọ ibi tí àgbá ọ̀tá wà láì fojú rí i. Nígbà tó fi máa di ogun Amiens nílẹ̀ Faransé ní August 8, 1918, wọ́n ti mọ ibi tí ọ̀pọ̀ jù lọ àgbá Jámánì wà, táńkì, ọkọ̀ òfuurufú àti ṣọ́jà ẹlẹ́sẹ̀ wá jọ gbéra lẹ́ẹ̀kan náà.

Tó bá wá jẹ́ àwọn ṣọ́jà Nàìjíríà tó jà fún Gẹ̀ẹ́sì ní Mahiwa ní Tanzania, October 1917, lẹ fẹ́ fi ṣe project, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ọ̀rọ̀ Somme lọ síbẹ̀. Eṣinṣin tsetse ń pa ẹṣin, orí aláàárù ni ọta àti oúnjẹ ń gbà dé ojú ogun, àìsàn ló sì pa àwọn aláàárù yẹn jù. Ọ̀rọ̀ tiwọn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá nínú àkọsílẹ̀.