Ẹ Sọ Ẹni Tó Ń San Owó fún Yín: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Lórí Ojúewé Wikipedia Kan

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ara mi kò tíì balẹ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kọ ọ́ kí n tó gbàgbé bó ṣe dùn mí tó. Mo mọ̀ pé a pọ̀ tá a wà ní Kàbà, Mọ́pà, Ìsánlú àti Lọ́kọ́ja tá a ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ láti ilé fún ọ̀gá tó wà l'Ékòó. Lónìí, wọ́n á ní kí o bá àwọn tọ́jú Facebook. Lọ́la, kí o bá àwọn kọ lẹ́tà. Ó máa wá di ọjọ́ kan tí wọ́n á ní, "Jọ̀ọ́, bá wa wo Wikipedia wa," ìyẹn ojúewé tó sọ nípa ilé iṣẹ́ wọn lórí Wikipedia, ìwé ìmọ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè kọ nǹkan sí. Ọjọ́ yẹn ni kí ẹ rántí mi.

Private equity ni ilé iṣẹ́ tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ń ṣe. Wọ́n ń gba owó jọ lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ àti lọ́wọ́ àwọn olówó ńlá, wọ́n á fi ra ilé iṣẹ́ mìíràn, wọ́n á tún un ṣe, tó bá sì tó bí ọdún mẹ́ta sí méje wọ́n á tà á. Nígbà mìíràn, owó yíyá ni wọ́n fi ń rà á, ọrùn ilé iṣẹ́ tí wọ́n rà ni gbèsè náà á sì wà. Iṣẹ́ gidi ni o, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló rí ọwọ́ tó gbé e dìde nípasẹ̀ rẹ̀. Àwọn kan náà wà tí gbèsè náà wọ̀ lọ́rùn jù. Ọdún 2005 ni wọ́n ra Toys "R" Us ní Amẹ́ríkà lọ́nà bẹ́ẹ̀, nígbà tó di 2017 ilé iṣẹ́ náà lọ sílé ẹjọ́ pé apá òun kò ká gbèsè mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe é kó má kan ibi tó dùn àti ibi tó korò.

Ibi tó korò nínú ojúewé tiwọn kò ju gbólóhùn mẹ́rin lọ. Ó ní wọ́n ra ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan. Ó ní gbèsè pọ̀ lọ́rùn rẹ̀. Ó ní wọ́n dá òṣìṣẹ́ dúró. Ó ní ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé nígbà tó ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ìwé ìròyìn jẹ́rìí sí mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹ̀kẹrin nìkan ni kò rí bẹ́ẹ̀: wọ́n ti ta ìpín tiwọn ní bí ọdún méjì kó tó kógbá sílé, ìwé ìròyìn sì gbé ìyẹn náà. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló ní àṣìṣe. Ọ̀gá mi pè mí, ó ní, "Àbúrò, gbogbo ìpínrọ̀ yẹn ni kí o yọ. Wọ́n ń bà wá lórúkọ jẹ́." Mo ní, "Ó dáa sà."

Mo yọ gbogbo ẹ̀. Mo wá fi èyí tí wọ́n kọ ránṣẹ́ rọ́pò rẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ bí "aṣáájú" àti "gbajúgbajà jákèjádò Áfíríkà". Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹnì kan fi dá a padà sí bó ṣe wà. Mo tún yọ ọ́. Ó tún dá a padà. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé òfin wà pé ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ yí iṣẹ́ ẹlòmíràn padà lórí ojúewé kan ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ láàárín wákàtí 24. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo yí i padà kílẹ̀ tó ṣú.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni mi ò lè gbàgbé. Wọ́n ti mú iná lọ. Mo gbé kọ̀ǹpútà jáde síta, nítorí ìta ni nẹ́tíwọ̀kì ti ń wọlé dáadáa nílé wa. Ìyá mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbé tọ́ọ̀ṣì sórí àpótí, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ìgbà náà ni ìwé kan wọlé sí ojúewé ọ̀rọ̀ mi lórí Wikipedia, ibi tí àwọn tó ń kọ̀wé níbẹ̀ ti lè bá mi sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń dá iṣẹ́ mi padà ni. Kò bú mi o. Ó kí mi, ó ní òun rí i pé ojúewé kan ṣoṣo yẹn ni mo ń tọwọ́ bọ̀. Ó wá bi mí: ṣé ilé iṣẹ́ yìí ń san owó fún mi ni, àbí nǹkan mìíràn pa wá pọ̀? Ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kò burú, kí n ṣáà sọ ọ́, òun á fi ọ̀nà tó yẹ kí n gbà hàn mí.

Ẹ ò rí i pé ó ṣílẹ̀kùn fún mi? Èmi ni mo fọwọ́ ara mi tì í. Mo kọ ọ́ pé: "Rárá. Mo kàn ń ka ojúewé náà ni."

Ìyá mi ní, "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ lálẹ́ yìí?"

Mo ní, "Ẹnì kan ló bi mí ní nǹkan, mà."

"Ṣé o ti dá a lóhùn?"

"Mo ti dá a lóhùn."

"Ó dáa nígbà yẹn." Ó ń bá ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ. Mò ń gbọ́ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń já sínú abọ́, mi ò sì lè sọ fún un irú èsì tí mo fọ̀.

Bí ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn ìyẹn, ó tún kọ̀wé. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ìlíǹkì kan ló fi ránṣẹ́. Ní oṣù mẹ́rin ṣáájú, orúkọ kan náà yìí ni mo fi gbé àmì ìdánimọ̀ ilé iṣẹ́ náà sórí Wikimedia Commons, ibi tí wọ́n ń kó àwòrán tí Wikipedia ń lò sí. Nínú àlàyé tí mo kọ sábẹ́ rẹ̀, mo kọ ọ́ pé: "Àmì tuntun, láti ọ́fíìsì wa." Láti ọ́fíìsì wa. Ọwọ́ ara mi ló kọ ọ́. Ara mi tutù bí omi. Mo pa kọ̀ǹpútà dé. Iyán tí wọ́n gbé pa mọ́ fún mi, mi ò lè fẹnu kàn án.

Nígbà tílẹ̀ máa fi mọ́, wọ́n ti dínà mọ́ mi kí n má lè yí ojúewé kankan padà mọ́, wọ́n sì ti lẹ àkíyèsí mọ́ orí ojúewé náà gan-an pé ó jọ pé ẹni tó sún mọ́ ilé iṣẹ́ náà ló kọ nínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣí i, ìyẹn ló máa kọ́kọ́ rí. Ẹnì kan láti ilé iṣẹ́ owó ìfẹ̀yìntì rí i, ó sì béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Ọ̀gá ní òun kò rán mi ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò kọ èyí láti fi wọ́n sùn, mi ò sì ní dárúkọ wọn. Ẹnu wọn ni ọ̀rọ̀ ti wá, ọwọ́ mi ló tẹ̀ ẹ́.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ní gbogbo èèyàn ló ń ṣe é. Kì í ṣe gbogbo èèyàn o. Láti ọdún 2014 ni ìlànà Wikimedia, àjọ tó ń bójú tó Wikipedia, ti là á sílẹ̀ pé ẹni tó bá ń gbowó lórí ohun tó ń kọ gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó ń san án. Ní 2015, orúkọ oníṣe 381 ni wọ́n dínà mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà lórí Wikipedia nítorí àwọn tó ń gbowó kọ̀wé tí wọ́n ń fi í pa mọ́. Èmi ni mi ò wádìí.

Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ sọ ẹni tó ń san owó fún yín. Ẹ kọ ọ́ sí ojúewé oníṣe yín, ìyẹn ojúewé tí ẹ ti ń sọ nípa ara yín: ẹni tó gbà yín síṣẹ́, ẹni tí ẹ ń ṣe é fún, àti ohun tó pa yín pọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ má tọwọ́ bọ ojúewé ilé iṣẹ́ náà fúnra yín. Ẹ lọ sí ojúewé ọ̀rọ̀ rẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń jíròrò lórí ohun tó wà nínú rẹ̀, kí ẹ béèrè àtúnṣe níbẹ̀: gbólóhùn tó wà níbẹ̀ báyìí rèé, bí a ṣe fẹ́ kó rí rèé, ìwé ìròyìn tó jẹ́rìí sí i rèé. Ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan. Ká ní mo ti béèrè fún gbólóhùn kẹrin yẹn nìkan ni, ọ̀rọ̀ ò ní dé ibi tó dé.

Ẹ̀rí tún ṣe pàtàkì. Ohun tí ilé iṣẹ́ bá kọ nípa ara rẹ̀ lè jẹ́rìí sí ọdún tí wọ́n dá a sílẹ̀, kò lè jẹ́rìí pé aṣáájú ni. Ìwé ìròyìn tó bá da ìkéde wọn kọ lódindi, kò yàtọ̀ sí ìkéde náà. Tó bá sì kan iye owó, ẹ ṣọ́ra gidigidi: owó tí àwọn olówó ṣèlérí láti kó sílẹ̀ yàtọ̀ sí iye gbogbo ohun tó wà níkàáwọ́ ilé iṣẹ́ náà, ìkejì yìí sì ń yí padà lọ́dọọdún. Ẹ máa kọ ọdún sí i. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n bá ti tà, ẹ má fi í sáàárín èyí tí wọ́n ṣì ní. Ibẹ̀ ni àṣìṣe gbólóhùn kẹrin yẹn ti wá.

Òótọ́ tó korò ńkọ́? Ẹ fi í sílẹ̀. Tí ẹnì kan bá gbé ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ kan tó kógbá sílé gba ìdajì ojúewé, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n bí àwọn ìwé ìròyìn ṣe wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n tí ẹ ò bá tíì sọ ẹni tó ń san owó fún yín, ta ló máa gbọ́? Ìdí rèé tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn.

Èmi náà jẹ́wọ́ lọ́jọ́ kejì, mo tọrọ àforíjì, wọ́n sì ṣínà fún mi lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ọjọ́ márùn-ún ni ọ̀gá kò fi bá mi sọ̀rọ̀, kó tó wá ní kí n ṣe é bó ṣe yẹ. Mo béèrè fún àtúnṣe gbólóhùn kẹrin. Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n tún un ṣe, mẹ́ta tó kù wà bí wọ́n ṣe wà. Ẹni tó bi mí ní ìbéèrè lálẹ́ ọjọ́ yẹn ló tún un ṣe. Mo ti béèrè fún àtúnṣe kejì, tó kan iye owó àti ọdún rẹ̀. Wọn kò tíì dáhùn. Mò ń lọ wò ó láràárọ̀, mi ò fọwọ́ kàn án.