Òdòdó Ilẹ̀, Òdòdó Òkè: Igbó London àti Igbó Ilé

Ẹni tó bá ti ilé dé London, tó fẹ́ lọ wo òdòdó inú igbó, ilẹ̀ ni kó máa wò. Nínú igbó kìjikìji ilé wa, òkè lọ́pọ̀ òdòdó wà: òrúrù á gbé tirẹ̀ sórí, pupa bí iná, àràbà á wọ́wé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á sì tanná. Èyí tó bá já bọ́ lèèyàn ń rí nísàlẹ̀. Àwọn igi wa kì í wọ́wé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí nìyẹn tí abẹ́ wọn fi máa ń ṣókùnkùn tọdúntọdún. Ti England kò rí bẹ́ẹ̀. Igi oak àti hornbeam á wà níhòòhò títí oṣù Kẹrin fi dé, oòrùn á sì ráyè kanlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Àárín ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn ni bluebell, òdòdó búlúù tó ń hù nílẹ̀ igbó, ń tanná, kí ewé òkè tó padé.

Nítorí náà, láàárín oṣù Kẹrin sí àárín oṣù Karùn-ún ni kí ẹ lọ. Ẹni tó bá dúró de ìsinmi oṣù Kẹjọ kò ní bá nǹkan kan. Wanstead Park, ní ìlà-oòrùn London, kò jìnnà sí ọ̀pọ̀ àwa Yorùbá. Ara igbó Epping ni, a kì í sanwó wọ ibẹ̀. Nínú Chalet Wood, apá kan níbẹ̀ tí bluebell wà, wọ́n to ìtì igi sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà méjèèjì. Ẹ má fẹsẹ̀ kọjá ìtì náà, fọ́tò ì báà wù yín tó. Bluebell ní iṣu bí àlùbọ́sà lábẹ́ ilẹ̀, ewé rẹ̀ ló sì ń wá oúnjẹ fún iṣu náà. Tí ẹ bá tẹ ewé pa, iṣu á rù, ó sì lè tó ọdún mélòó kan kí ojú ibẹ̀ tó tanná dáadáa. Òfin ọdún 1981 dáàbò bò ó: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ hú u láìgba àṣẹ onílẹ̀.

Lẹ́yìn ìlú London, ọ̀nà ẹsẹ̀ tó jẹ́ ti gbogbo ayé wà, tó tilẹ̀ ń gba inú oko olóko. Wọ́n máa ń fi ọfà sàmì sí ọ̀nà: ọfà yẹ́lò jẹ́ ti ẹlẹ́sẹ̀; ọfà búlúù, ẹlẹ́ṣin àti oníkẹ̀kẹ́ náà lè gbà á. Nínú máàpù Ordnance Survey Explorer, sẹ̀ǹtímítà 4 dúró fún kìlómítà 1.

Ohun tí àwa tí a ti ilé wá kì í kà sí ni eégbọn. A rò pé ti ajá àti màlúù ni. Nínú koríko England, ọmọ eégbọn kò ju hóró èso wẹ́wẹ́ lọ, ó sì lè kó àrùn Lyme ranni. Ẹ ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ ìbọ̀sẹ̀. Tí ẹ bá délé, ẹ yẹ ẹ̀yìn orúnkún, abíyá, itan àti ìdí irun ọmọdé wò. Tí ó bá ti bù yín jẹ, ẹ fi ẹ̀mú onímú ṣóńṣó dì í mú níbi tó ti kan awọ ara gan-an, kí ẹ fà á gbọọrọ sókè. Ẹ má fi kẹrosíìnì tàbí iná sí i. Àmì róbótó tí àrùn náà ń fi hàn lè ṣòro rí lára aláwọ̀ dúdú. Tí ibà, oríkèé ríro tàbí àárẹ̀ bá tẹ̀ lé ìrìn náà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ wọ igbó.

Nílé, wèrèpè àti ìjàlọ ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, afẹ́fẹ́ lè gbé irun wèrèpè wá bá yín lójú ọ̀nà. Ẹ wọ aṣọ alápá gígùn.

Ọgbà Lẹ́kí tí Nigerian Conservation Foundation ń bójú tó (hẹ́kítà 78, láti ọdún 1990) ló rọrùn jù fún ẹni tó bá wálé fún ìsinmi kúkúrú. Ẹ máa sanwó ìwọlé. Ẹ béèrè iye rẹ̀ kí ẹ tó lọ. Afárá orí igi rẹ̀ gùn ní mítà 401, ìyẹn sì lọ̀nà tó dára jù láti bá òkè igbó dọ́gba. Ó máa ń mì. Bàtà tó di ẹsẹ̀ mú ló yẹ ẹ́, kì í ṣe sílípáàsì. Ẹ fi oúnjẹ pa mọ́ sínú báàgì, ẹ má gbé ọ̀rá lọ́wọ́: àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ mọ̀ pé oúnjẹ ló wà nínú rẹ̀, wọ́n á já a gbà. Àárọ̀ ni kí ẹ lọ, kí oòrùn tó mú wọn wọ ibòòji.

Ẹni tó bá fẹ́ rí ẹranko ńlá á lọ sí Old Oyo National Park, kìlómítà 2,512 níbùú lóòró. Oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹrin ló dára, nígbà tí koríko bá gbẹ tí ẹranko ń wá omi lọ sí odò Ògùn. Ẹ kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì wọn ní Ọ̀yọ́, ẹ béèrè bí ọ̀nà ṣe rí, kí ẹ sì mú ẹ̀ṣọ́ igbó dání. Ẹnikẹ́ni kì í dá wọ ibẹ̀ bí ìgbà tó dá wọ Epping. Ẹranko igbó ilé wa ti mọ ohùn ìbọn, ó ń sá fún èèyàn láti òkèèrè. Àgbọ̀nrín Richmond Park ní London lè máa jẹko níṣojú yín, síbẹ̀ kí ẹ jìnnà sí i ní mítà 50.

Èyí tó sún mọ́ òfin bluebell jù nílé ni igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, hẹ́kítà 75, tí UNESCO fi sínú ìwé ohun ìní àgbáyé lọ́dún 2005. Èèwọ̀ ni pípa ẹran, pípa ẹja àti gígé igi níbẹ̀, èèwọ̀ yìí ló sì jẹ́ kí igi ńláńlá ibẹ̀ ṣì wà lẹ́bàá ìlú tó ń fẹ̀. Ilé ìjọsìn ni: ẹ bi ẹni tó ń mú yín kiri kí ẹ tó ya fọ́tò ojúbọ, ẹ má sì já ewé kankan.