Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ kí ọmọ kàwé létí yín: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí iṣẹ́ tíṣà l'Ékìtì

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba lẹ́tà iṣẹ́ tíṣà lọ́wọ́ SUBEB, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó praimárì ìjọba, ẹ kú oríire o. Látọjọ́ tí lẹ́tà yẹn ti jáde ni fóònù mi ò ti sinmi. "Mummy, wọ́n gbé mi lọ sọ́nà Ọ̀mùò." "Mummy, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi mí sí Adó." Àwọn kan sì ń bi mí pé kí ni iléèwé ìjọba máa ṣe gan-an tọ́mọ á fi mọ̀wé níbẹ̀ bíi tàwọn tó ń san owó gọbọi. Ti Adó yẹn, mi ò lẹ́nìkan lọ́ọ́fíìsì mọ́, mo ti fẹ̀yìn tì, ẹ má bínú. Ìbéèrè kejì yẹn ni mo lè dáhùn, àmọ́ ojú tì mí gan-an kí n tó mọ ìdáhùn ẹ̀, ẹ jẹ́ n kúkú sọ bó ṣe jẹ́.

1990 ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, abẹ́ Òǹdó la ṣì wà nígbà yẹn, 1996 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Èkìtì sílẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní Koléèjì Ìkẹ́rẹ́, wọ́n gbé mi lọ sábúlé kan lẹ́yìn Ìkọ̀lé, wọ́n fún mi ní praimárì 4, ọmọ 47. (Ìlànà ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ sọ pé kọ́mọ má ju 35 lọ sọ́wọ́ tíṣà kan ní praimárì. Ẹ rántí ẹ tẹ́ ẹ bá débẹ̀, kẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀.) Ẹ ò bá wo lẹ́sìn nóòtù mi! Bírò pupa, bírò búlúù, rúlà, "ní ìparí ẹ̀kọ́ yìí àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ lè ṣe báyìí báyìí", ìnspẹ́kítọ̀ wò ó títí ó ní káwọn tíṣà yòókù wá kọ́ṣẹ́ lára mi, orí mi wú. Ìgbà tí ìdánwò táàmù kìíní dé, ọmọ 29 ló da kúẹ́ṣọ̀n tí mo kọ sójú bọ́ọ̀dù kọ síbi tó yẹ kí wọ́n kọ ánsà sí. Wọ́n mà kọ ọ́ dáadáa o! Ọwọ́ ìkọ̀wé àwọn míì dáa ju tèmi lọ. Wọn ò kàn mọ ohun tó wà níbẹ̀ ni, ńṣe ni wọ́n ń ya lẹ́tà bí ìgbà téèyàn bá ń ya ewúrẹ́.

Mo jókòó sínú kíláàsì lọ́jọ́ náà mo ń sunkún. Ìyá àgbà kan tó ń kọ́ praimárì 1 wọlé wá, kò tiẹ̀ rẹ̀ mí lẹ́kún, ó kàn bi mí pé, "Ṣó o ti gbọ́ kí ọ̀kan nínú wọn kàwé rí, òun nìkan, láìjẹ́ pé gbogbo kíláàsì ń hó?" Mo ronú sí i. Oṣù mẹ́ta, mi ò gbọ́ ọ rí. Ẹ̀yin náà mọ bá a ṣe máa ń ṣe é: tíṣà á kà, gbogbo kíláàsì á gbe, ariwo á ta, inú tíṣà á dùn. Ọmọ mẹ́jọ ló mọ̀ ọ́n níbẹ̀, àwọn tó kù ń wo ẹnu àwọn mẹ́jọ yẹn ni.

Ni mo bá gbé bẹ́ǹṣì sábẹ́ igi máńgòrò lákòókò brék, mo mú ìwé kíkà praimárì 2, mò ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú méjì méjì péré. Ọjọ́ mẹ́rin ló gbà mí. Nínú ọmọ 47, àwọn 11 ló lè ka ìpínrọ̀ kan dópin. Àwọn 20 mọ lẹ́tà àmọ́ wọn ò lè so ó pọ̀ di ọ̀rọ̀. Àwọn 16 tó kù ò mọ "b" yàtọ̀ sí "d", praimárì 4 o, ọdún kẹrin tí wọ́n ti ń gbé báàgì kọ́rùn. Èmi sì ń kọ́ wọn ní "adjective".

Ohun tí mo wá ń ṣe nìyí, kò sí idán kankan níbẹ̀. Wákàtí àkọ́kọ́ lẹ́yìn asẹ́ḿbílì, mo pa síléébọ̀ọ̀sì praimárì 4 tì, mo pín wọn sọ́nà mẹ́ta. Àwọn 11 ń ka ìwé fúnra wọn kí wọ́n wá sọ ìtàn ẹ̀ fún mi. Àwọn 20 ń fi lẹ́tà tí mo gé lára páálí to ọ̀rọ̀ nílẹ̀. Àwọn 16 wà lọ́dọ̀ mi. Hẹ́dímásítà wa ò fẹ́ ẹ rárá, ó ní síléébọ̀ọ̀sì ò ní parí, ìnspẹ́kítọ̀ máa bínú, òótọ́ ni, kò parí, ìnspẹ́kítọ̀ sì bínú. Ìgbà tọ́dún fi máa parí, nínú àwọn 16 yẹn, 11 ti ń kàwé díẹ̀díẹ̀. Àwọn 5 ò tíì lè kà á, mi ò ní parọ́ fún yín. Ọ̀kan nínú wọn, ojú ló ń dùn ún tẹ́nìkan ò mọ̀, èmi tí mo mú un jókòó sẹ́yìn torí pé ó ga, èmi ni mo lẹ́bi.

Ó pẹ́ gan-an kí n tó gbọ́ níbi tréníǹ kan pé àwọn kan ní Íńdíà, Pratham lorúkọ wọn, ti sọ irú nǹkan yìí di ètò ńlá. Wọ́n á ní kọ́mọ ka lẹ́tà, kó ka ọ̀rọ̀, kó ka ìpínrọ̀, kó ka ìtàn kékeré, ibi tó bá dúró sí ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, wọn ò ní wo bóyá praimárì 3 ló wà àbí 5. Tẹ́ ẹ bá bi mí pé kí ni iléèwé ìjọba máa ṣe, ibẹ̀ ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n lè kun ògiri, wọ́n lè pín báàgì tó ní àwòrán gómìnà, ó dáa, ẹ gbà á. Àmọ́ ẹ bi hẹ́dímásítà yín pé ọmọ mélòó ní praimárì 4 yín ló lè ka ìpínrọ̀ kan. Tó bá ń wo òkè, ẹ ti mọ ibi tíṣẹ́ wà.

Ọ̀rọ̀ èdè ńkọ́? Ẹ̀yin ọmọ Èkìtì ẹ mọ̀ pé ulé là ń pe ilé, ugi là ń pe igi. Ọdún kejì tí mo dé abúlé yẹn ni wọ́n fún mi ní praimárì 1, mo so páálí ABD mọ́ ògiri, "I" ní àwòrán igi lábẹ́. Mo nawọ́ sí i, mo ní kí ọmọbìnrin kan pe orúkọ ẹ̀, ó ní "ugi". Mo ní rárá, tún un pè. Ó ní "ugi". Mo nà án lẹ́gba mẹ́ta látẹ́lẹwọ́. Ọmọ yẹn ò la ẹnu ẹ̀ mọ́ ní kíláàsì mi títí ọdún fi parí. Ohun tí màmá ẹ̀ ń pe igi ló pè é, èmi náà tí mò ń nà án, tí mo bá délé ugi ni mò ń wí! Ǹ bá ti ní "òótọ́ ni, ugi là ń pè é nílé, igi la máa ń kọ sínú ìwé", ọ̀rọ̀ méjì ni ì bá gbé relé lọ́jọ́ náà.

Àwa kan ṣì ń kọ ọ́ mọ́ ògiri pé ẹni tó bá sọ Yorùbá á san fáìn, a tún ń so páálí mọ́ ọmọ lọ́rùn. Bẹ́ẹ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti dán an wò láti 1970, ní iléèwé St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́, nítòsí Ilé-Ifẹ̀. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ náà ní gbogbo nǹkan, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, gbogbo ẹ̀, tíṣà tó gbọ́ Òyìnbó dáadáa ló sì ń kọ́ wọn ní Òyìnbó bíi sọ́bújẹ́ẹ̀tì kan. Àwọn ọmọ yẹn ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n yí sí Òyìnbó lẹ́yìn ọdún kẹta lọ, Òyìnbó gan-an ò sì fi wọ́n sílẹ̀. Ìjọba wa ò tíì mọ èyí tó fẹ́ ṣe, ní 2022 wọ́n ní ká fi èdè ìyá kọ́ wọn fún ọdún mẹ́fà, ní 2025 wọ́n ní àwọn ti fagi lé e. Èyí ó wù kí wọ́n kọ sí ìwé, tọ́mọ ò bá lóye, ẹ ṣàlàyé ẹ̀ fún un lédè tó gbọ́, kò sí ẹni tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín torí ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ rẹ́jísítà. Tẹ́ ẹ bá ń maaki gbogbo ọmọ ní "present" nítorí ìnspẹ́kítọ̀, ara yín lẹ̀ ń tàn jẹ. Ìgbà tí mo di hẹ́dìmísírẹ́ẹ̀sì ní ìlú míì, mo ní kí gbogbo tíṣà maaki òótọ́ fún oṣù kan péré, mo ní mi ò ní fìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Nígbà tá a wò ó, iye ọmọ tó ń wá á já lulẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, á tún já lọ́jọ́ Fúráìdé, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e á já lọ́jọ́ Túsìdé. Kò yé wa. Àfi ìgbà tí tíṣà praimárì 3 pariwo pé, "Ọjọ́ ọjà ni!" Ọjà ìlú náà, ọrún-ọrún ni wọ́n ń ná an, kì í tẹ̀ lé kàlẹ́ńdà Òyìnbó, ìdí nìyẹn tó fi ń sá kiri inú ọ̀sẹ̀. Àwọn ọmọ ń bá ìyá wọn ru ẹrù ni. Mo lọ bá Ìyálọ́jà, mo gbé kaadi ìka ọjọ́ lọ, a jọ jókòó a maaki gbogbo ọjọ́ ọjà táàmù yẹn sí i, a ò fi tẹ́ẹ̀sì sọ́jọ́ wọ̀nyẹn mọ́. Màmá yẹn fúnra ẹ̀ ló wá ń fi igi lé àwọn ọmọ wa kúrò lọ́jà láàárọ̀! Ẹ̀rù Ìyálọ́jà ń bà wọ́n ju tèmi lọ. SBMC, ìgbìmọ̀ òbí àti ará ìlú tí wọ́n ń sọ pé kí iléèwé ní, irú iṣẹ́ báyìí ló wà fún, kì í ṣe káwọn bàbá wá jókòó mu Màltínà kí wọ́n buwọ́ lùwé.

Èyí tí mi ò fẹ́ sọ ló kàn. Nígbà kan, owó lefì ni mo lé àwọn ọmọ lọ sílé sí. Wọ́n ní kí n lé wọn, mo sì lé wọn, ojú ò tì mí nígbà yẹn. Ọmọ mọ́kànlá ló lọ lọ́jọ́ náà, mẹ́wàá padà wá láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Èyí ọmọbìnrin kan tí kò padà wá, tí mo bá ń kọjá níwájú gáréèjì, mo máa ń rí i nídìí àgbàdo sísun, ó máa kúnlẹ̀ kí mi, "Ẹ káàárọ̀ mà", á tún fún mi ní èènì. Mi ò lè jẹ àgbàdo náà. Oṣù kẹwàá 2018 ni Gómìnà Kayode Fayemi fagi lé owó lefì nílé-ìwé ìjọba l'Ékìtì, praimárì àti sẹ́kọ́ńdìrì, mo sì mọ ẹni tí mo rántí lọ́jọ́ tí wọ́n kéde ẹ̀. Tẹ́nikẹ́ni bá tún yọ́ owó kan wọlé fún yín lórúkọ míì, owó ìgbálẹ̀ ni àbí òmíì, ẹ má lé ọmọ.

Owó tó yẹ kó wá, ibòmíì ló wà. Òfin UBE ti 2004, òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, àmọ́ tí ìpínlẹ̀ bá fẹ́ gba tiẹ̀ fún kíkọ́ kíláàsì, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé iye kan náà sílẹ̀ látinú àpò ara ẹ̀. Ìpínlẹ̀ tí kò bá gbé e sílẹ̀, Àbújá lowó ẹ̀ máa jókòó sí. Torí náà tí òrùlé yín bá ń jò, tẹ́ ẹ bá kọ lẹ́tà, ẹ béèrè owó yẹn ní tààrà, ẹ jẹ́ kí NUT, ẹgbẹ́ àwa tíṣà, náà bá yín béèrè.

Ó ku tàwa fúnra wa. Ẹ ó ti gbọ́ nípa ìdánwò tí ìjọba fẹ́ ṣe fún àwa tíṣà l'Ékìtì ní 2012. Mo wà lára àwọn tó ní a ò ṣe. A ní wọ́n fẹ́ fi lé wa lẹ́nu iṣẹ́ ni, bóyá bẹ́ẹ̀ ni bóyá bẹ́ẹ̀ kọ́, àmọ́ lóru, tí mo bá dá wà, mo mọ̀ pé ẹ̀rù fraction ló ń bà mí. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, mi ò mọ ìdí ẹ̀. Ọmọ á ní ìdá mẹ́jọ tóbi ju ìdá mẹ́rin torí pé mẹ́jọ ju mẹ́rin lọ, mo kàn máa ń ní "ó ti fẹ́ìlì". Ọmọ kan tó ń ṣe agùnbánirọ̀ lọ́dọ̀ wa ni mo yọ́ lọ bá, mo ní kó kọ́ mi, kó má sọ fún ẹnì kankan. Iṣu ló gbé wá. Ó gé ọ̀kan sí mẹ́rin, ó gé ìkejì sí mẹ́jọ, ó ní, "Mà, ẹ̀yin àtàwọn wo lẹ fẹ́ jọ pín in?" Mo rẹ́rìn-ín títí omi jáde lójú mi. Èmi tí mo ti ń gúnyán láti kékeré! Torí náà tẹ́ ẹ bá rí àgbà tíṣà tó ń yẹra fún tópíìkì kan, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní staff room, ẹ lọ bá a ní kọ̀rọ̀.

Ẹni tí wọ́n gbé lọ sọ́nà Ọ̀mùò nínú yín, kó yà lọ́dọ̀ mi kó tó lọ. Mo ní àwọn lẹ́tà kan báyìí tí mo gé lára páálí Indomie, ó kún inú àpò méjì, a, b, d, ẹ, gb, gbogbo ẹ̀ pé, àfi "ṣ" tí eku jẹ díẹ̀ nínú ẹ̀, ẹ máa ní láti gé òmíràn fún ìyẹn.